Ìyá Oníkajú àti Ọ̀nà Àjọwá

Ọjọ́ tí mo kúrò ní Ọ̀kà, ìlú wa ní ilẹ̀ Àkókó, gbogbo ilé ló sunkún àfi ìyá ìyá mi. Àǹtí Bọ́lá, àbúrò ìyá mi, sunkún débi pé ó gbàgbé ìrẹsì lórí iná títí ó fi jóná. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ jókòó sórí àpótí níwájú ilé, ó ń ṣa kajú, ó ń ya èyí tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti bàjẹ́. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó gbé e lé mi lórí, ó gbàdúrà kúkúrú kan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ibi tí ò ń lọ yẹn, wọn ò mọ̀ ẹ́ níbẹ̀. Má tìtorí ẹ̀ bínú sí wọn. Kọ́kọ́ dákẹ́, kí o wo bí wọ́n ṣe ń ṣe. Tí o bá ti wò ó tán, kí o wá máa ṣe tìẹ."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìdágbére lásán ni. N kò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ ti rí ló ń sọ.

Ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo dé sí. Wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi, nítorí náà òtútù kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní Ọ̀kà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, o ti gbọ́ ohùn èèyàn mẹ́wàá: ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń pe ewúrẹ́, ẹni tó dúró lókè àpáta tó ń bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ ṣàríyànjiyàn. Nínú ilé tí mo gba yàrá sí níbí, àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀, oṣù kan gbáko ni mo lò kí n tó rí ojú ẹni tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. Tó bá gbọ́ tèmi lọ́nà àbáwọlé, á dúró sínú yàrá rẹ̀ títí n ó fi kọjá. Mo rò pé ó kórìíra mi ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìwà ọmọlúàbí tiwọn nìyẹn.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìkàrẹ́, ìlú ọjà tó wà nítòsí wa, mo wá di ẹni tó ń wẹ̀ fún àgbàlagbà, tó ń pààrọ̀ ìlédìí wọn, tó ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Ìtìjú iṣẹ́ náà pọ̀ lójú mi, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ ṣẹ́gun mi níbẹ̀ kì í ṣe ìgbẹ́, orúkọ ni. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, ọ̀gá wa obìnrin mú mi wọ yàrá ìyá arúgbó kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ní, "Dọ́rọ́tì lorúkọ ẹ̀."

Mo bi í pé, "Báwo ni kí n máa pè é, mà?"

Ó wò mí bí ẹni pé n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní, "Dọ́rọ́tì."

Ẹnu mi kò gbà á. Ẹni tó ju ìyá àgbà mi lọ ní ogún ọdún, kí n máa pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń pe ọmọ kíláàsì mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi pè é ní ohunkóhun. Tí mo bá fẹ́ wọlé, màá wúkọ́. Tí mo bá fẹ́ kó yíjú sí mi, màá fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi pè mí jókòó, ó ní àwọn kan ti kíyè sí i pé n kì í bá àwọn arúgbó sọ̀rọ̀, pé tí kò bá yí padà, wọn ò ní jẹ́ kí n máa bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí iṣẹ́ yẹn ni ìwé tó jẹ́ kí n lè máa gbé ìlú náà dúró lé.

Ìyá arúgbó náà fúnra rẹ̀ ló yọ mí. Mo ń gé èékánná rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìwọ, kí ló dé tí o kì í pè mí?" Mo ṣàlàyé fún un. Ó bi mí pé kí là ń pe irú òun ní ìlú wa. Mo ní màmá ni. Ó ní, "Ọmọ mi ọkùnrin ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti kó lọ sí Ọsirélíà. Máa pè mí bẹ́ẹ̀." Láti ọjọ́ náà, màmá ni mo ń pè é, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ débi pé àwọn tó kù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n jẹ́ kí n máa bá iṣẹ́ náà lọ.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà fún àwọn ará ilé lórí fóònù, n kò sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù ńlá kan. Ìyá Àgbà gbé e lọ sí Ìkàrẹ́, ó sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wá ra kajú lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, irọ́ náà ti dàgbà ju ohun tí mo lè kó padà lọ.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí Ìyá Àgbà jẹ́.

Àjọwá ni wọ́n ti bí i. Ẹni tó bá mọ Àkókó mọ̀ pé èdè ìlú kan lè yàtọ̀ pátápátá sí ti ìlú kejì. Èdè tí Ìyá Àgbà fa mu lọ́mú ìyá rẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ ní Ọ̀kà. Ó ń tó ọmọ ogún ọdún nígbà tó wá fẹ́ bàbá àgbà mi, káfíńtà, ní Ọ̀kà. Wọ́n fi Yorùbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyàwó ilé a máa sín in jẹ tó bá ń sọ̀rọ̀ létí omi. Ìgbéyàwó wọn kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ọkọ fi kú, ó fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ fún un. Àwọn ẹbí ọkọ retí pé á kó ẹrù rẹ̀ padà sí Àjọwá. Kò kó o. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ra iṣu ní oko àwọn ará Àjọwá, ó ń gbé e wá sí ọjà Ìkàrẹ́. Nígbà tí kò bá sí ọkọ̀, orí ló fi ń rù ú. Ó mọ gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà láàárín Àjọwá àti Òkè-Àgbè bí ẹni mọ inú ilé ara rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èso kajú tútù là ń jẹ, a ó sì sọ kóró rẹ̀ nù tàbí kí a tà á fún àwọn àlejò tí ń fi ọkọ̀ ńlá wá kó o. Ìyá Àgbà bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Ìdáhùn yẹn ni kò jẹ́ kó sùn. Ó sọ fún àwa ará ilé pé òun ń lọ sí Ìkàrẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la ò fi rí i. Ìyá mi ti kú nígbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbé, mo sì rántí bí Àǹtí Bọ́lá ṣe ń lọ láti ibùdókọ̀ kan sí èkejì tó ń béèrè ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé, awọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti ń bó. Ànyìgbá ló lọ, ní ilẹ̀ Ígálà, kò gbọ́ èdè wọn, kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó wá agbo ilé kan tí wọ́n ti ń yan kajú, ó bá wọn ṣiṣẹ́ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Epo tó wà nínú èèpo kajú ló jó o lọ́wọ́. Ó ní, "Wọ́n máa ń fi eérú àti epo pupa pa ọwọ́ kí wọ́n tó fọ́ ọ. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó rí i."

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí yan kajú nílé, èéfín rẹ̀ ń ta èèyàn lójú. Àwọn aládùúgbò fi ẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn àgbà àdúgbò, wọ́n ní àjèjì fẹ́ fi èéfín lé onílé jáde. Kò bá wọn jà. Ó gbé àgbá tó fi ń yan kajú lọ sí ìsàlẹ̀ àpáta lẹ́yìn ìlú, níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbé, ó sì gba méjì nínú àwọn ìyàwó tó ti sín in jẹ rí síṣẹ́. Nígbà tí mo fi ń lọ sókè òkun, obìnrin méjìlá ló ń bá a ṣiṣẹ́, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìkàrẹ́, kò sì sí awakọ̀ Àbújá kan tó ń gba Ìkàrẹ́ kọjá tí kò mọ Ìyá Oníkajú.

Síbẹ̀, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, tí ọ̀rọ̀ bá le, ìyàwó Àjọwá ni wọ́n ń pè é ní Ọ̀kà. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń wá sí mi lọ́kàn níbí. Tí àwọn òyìnbó bá béèrè ibi tí mo ti wá, tí mo bá ní Nàìjíríà, ó tán. Lọ́dọ̀ àwa tí a jọ jẹ́ ọmọ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà kì í ti tán. Obìnrin Ìbàdàn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbọ́ ohùn mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Yorùbá yín ti Àkókó yìí, a máa ń fi ògbufọ̀ gbọ́ ọ ni." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo pe Ìyá Àgbà, mo ní kó kàn máa bá mi sọ̀rọ̀, ohun yòówù kó jẹ́. Ó sọ iye òjò tó ti rọ̀ fún mi.

Ìgbà kajú ọdún kẹrin mi níbí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn ajínigbé ti ń dá àwọn èèyàn lọ́nà ní agbègbè wa. Àwọn àgbẹ̀ Àjọwá tó ń gbé kajú wá fún Ìyá Àgbà ní Ìkàrẹ́ bẹ̀rù, wọn ò wá mọ́. Àgbá yíyan ṣófo. Àǹtí Bọ́lá sọ fún mi lórí fóònù pé Ìyá Àgbà ti bá Súlè, awakọ̀ tó máa ń gbé ẹrù rẹ̀, sọ ọ́, pé òun fúnra òun máa lọ kó o ní Àjọwá.

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ọ̀nà yẹn ò dáa. Ojoojúmọ́ ni mò ń kà á lórí fóònù níbí."

Ó ní, "Ìwọ ń kà á. Èmi ń rìn ín."

"Ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kí lẹ tún ń wá lójú ọ̀nà?"

"Obìnrin méjìlá ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Tí kajú ò bá wá, kí ni kí n sọ fún wọn?"

Mo ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà léra lọ́sẹ̀ yẹn, ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti darúgbó. Ẹ jókòó síbì kan kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀."

Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. O ṣeun, ọmọ mi." Ó sì pa fóònù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò pè é. Òun náà kò pè mí. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú òyìnbó.

Ọjọ́ kẹrin, lọ́sàn-án, mo ń fún Dọ́rọ́tì lóúnjẹ nígbà tí fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n nínú àpò. Wọn kì í gbà wá láyè láti gbé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó gbọ̀n tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kẹrin, Dọ́rọ́tì ní, "Gbé e. N ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Àǹtí Bọ́lá ni. Kò kí mi. Ó ní, "Ìyá Àgbà bá Súlè lọ sí Àjọwá láàárọ̀. Wọ́n ti rí ọkọ̀ wọn lọ́nà, lẹ́yìn Òkè-Àgbè. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú ẹ̀."

Mo bi í pé ẹ̀jẹ̀ ńkọ́. Ó ní, "Ó wà lórí síìtì awakọ̀."

Mo gbé abọ́ oúnjẹ sílẹ̀, mo lọ bá ọ̀gá. Obìnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó dì mọ́ mi. Àmọ́ ó ní àwa mẹ́ta péré la wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, arúgbó mẹ́rìndínlógún ló sì wà nínú ilé, tí mo bá lọ, òfin ò ní gbà á. Ó ní tí mo bá délé, kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀? Òótọ́ ni. Kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀? Mo padà sínú yàrá Dọ́rọ́tì, mo fún un ní ìyókù oúnjẹ rẹ̀. Ọbẹ̀ ń dà sí i láyà láti inú ṣíbí mi. Ó kàn ń ya ẹnu rẹ̀, ó ń gbé e mì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n rí Súlè. Ó ti fi àyà wọ́ dé etí oko kan, ìbọn ti bà á nítan, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ohun tó sọ ni pé nígbà tí àwọn ọkùnrin kan yọ sí àwọn tí wọ́n yìnbọn, òun ti yí ọkọ̀ sínú koríko. Ó ní obìnrin kan tó gbé ọmọ ọwọ́ wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn, tó ti bẹ àwọn pé kí wọ́n já òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní Ìyá Àgbà fa obìnrin náà bọ́ sílẹ̀ ní apá kejì, wọ́n sì wọ igbó. Lẹ́yìn náà, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Mo pe fóònù Ìyá Àgbà títí n kò fi lè kà á mọ́. Ohùn kan náà ló ń dá mi lóhùn, pé ẹni tí mò ń pè kò sí lórí afẹ́fẹ́. Ohun tó ń dún létí mi kì í ṣe ìyẹn. "Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti darúgbó." Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kẹ́yìn fún un nìyẹn. Ilẹ̀ mọ́, mo tún lọ síbi iṣẹ́, nítorí n kò lè dá jókòó sínú yàrá yẹn. Mo wẹ̀ fún èèyàn márùn-ún láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tí wọ́n bá bi mí ohun tó ń ṣe mí, mo ní òtútù ló mú mi.

Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù nígbà tí nọ́ńbà tí n kò mọ̀ pè mí. Mo gbé e lójú gbogbo èèyàn nínú yàrá ìjẹun.

"Ọmọ mi," ohùn náà sọ. "Fóònù ẹni ẹlẹ́ni ni. Mi ò lè pẹ́ lórí ẹ̀. Mo wà ní ìlú Àfìn. Mo ti jẹun."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn arúgbó. Ó ń bi mí pé, "Ṣé o ń gbọ́ mi? Ṣé o ń gbọ́ mi?"

Ọjọ́ kejì ló tó ròyìn fún mi. Ó ní nígbà tí àwọn wọ igbó, òun gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin náà lẹ́yìn àwọn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tú koríko. Ìyá ọmọ náà ń gbọ̀n, omi ọmú rẹ̀ kò wá, ọmọ sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ìyá Àgbà gba ọmọ náà, ó fi ọmú gbígbẹ tirẹ̀ sí i lẹ́nu, ó fi ìró bo orí rẹ̀. "Ó ń fà á lásán," ó ní. "Ó ń fà á, ó ń wò mí lójú. Mo sọ fún Ọlọ́run pé tí ọmọ yìí bá ké, kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀, ẹjọ́ mi ni."

Àwọn ọkùnrin náà kọjá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà ẹsẹ̀ tó fi ń ru iṣu nígbà èwe rẹ̀. Igbó ti bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní àpáta kò lè ṣí kúrò níbi tó wà, àpáta ni òun ń wò. Wọ́n sùn sábẹ́ àpáta kan, wọ́n tún rìn láàárọ̀. Nígbà tí oòrùn ga, wọ́n gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń bínú sí ajá rẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ sá. Ìyá Àgbà dá a dúró, nítorí èdè tí ọkùnrin náà fi ń bú ajá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ìyá rẹ̀. Ó ké sí i ní èdè yẹn. Àgbẹ̀ ará Àfìn ni. Ó ní ọkùnrin náà ju àdá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gba ọmọ lọ́wọ́ òun.

Mo ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ padà wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ fún yín."

Ó ní, "Apá kan ẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi." N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ti ara mi kọ́. Súlè ò fẹ́ lọ. Ó ní ká dúró kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá. Èmi ni mo ní ká lọ. Ìtan ẹ̀ tó bàjẹ́ yẹn, èmi ni mo gbé e lọ síbẹ̀."

Bóyá nítorí pé ó ti sọ òótọ́ tó dùn ún ni, n kò mọ̀, èmi náà wá gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ ti ara mi. Mo sọ fún un pé n kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo sọ ohun tí mò ń ṣe gan-an, mi ò fi ìkankan pa mọ́, ìlédìí, ìgbẹ́, gbogbo rẹ̀.

Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ń bú ẹ?"

Mo ní, "Rárá."

"Ṣé o ń ṣe é dáadáa?"

"Mò ń ṣe é dáadáa, mà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ní Ànyìgbá, obìnrin tí mo lọ bá ò jẹ́ kí n sún mọ́ iná fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ilé ìgbẹ́ wọn ni mo ń fọ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan Bọ́lá. Ẹ rí mi pẹ̀lú ọwọ́ bíbó, ẹ rò pé ibi kajú nìkan ló ti bó. Mo jẹ́ kẹ́ ẹ máa rò ó bẹ́ẹ̀."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo bá a sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè tí n kò ní láti rántí irọ́ tí mo ti pa tẹ́lẹ̀.

Ìtan Súlè san, àmọ́ ó ń tiro. Kò lè wakọ̀ jìnnà mọ́. Ìyá Àgbà gbé ṣọ́ọ̀bù Ìkàrẹ́ lé e lọ́wọ́, ó pín ìdajì èrè ibẹ̀ fún un, ó kọ ọ́ sínú ìwé níwájú pásítọ̀ tiwa àti lémọ́ọ̀mù tiwọn. Súlè dárí jì í. Ìyàwó Súlè kò dárí jì í. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà ni Ìyá Àgbà ń kí i, kò dáhùn rí. Ìyá Àgbà kò ṣíwọ́ kíkí. Nígbà tí mo ní kó jọ̀wọ́ obìnrin náà jẹ́ẹ́, ó ní, "Ó ní ẹ̀tọ́ láti má dáhùn. Èmi náà ní ẹ̀tọ́ láti kí i."

Kò gba ọ̀nà Àjọwá mọ́. Ó lọ bá àwọn onílẹ̀ ní Ọ̀kà, ó gba ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ní kò dára fún iṣu, ó sì kó àwọn obìnrin méjìlá náà lọ gbin kajú síbẹ̀. Mo sọ fún un pé igi náà á tó ọdún mẹ́ta kó tó so. Ó ní òun mọ ìṣirò.

Kò rí èso rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú, ó ní kí Àǹtí Bọ́lá jẹ́ kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ jí i jẹun, ó ti lọ.

Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà. Mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n fi ọdún kún un, wọn ò tíì dáhùn. Lọ́yà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní tí mo bá fi lè jáde kúrò ní ìlú náà kí èsì tó dé, wọ́n á kà á sí pé mo ti fa ìbéèrè mi padà, n kò sì ní lè wọlé mọ́. Mo sọ ọ́ fún Àǹtí Bọ́lá. Mo ń retí pé á ní kí n má wá, pé Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ kò ní fẹ́ kí n wá. Ohun tó sọ ni pé, "Ìwọ lo mọ̀." N kò lọ. Títí di òní, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo ṣe ohun tó tọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sin ín, ní Ọ̀kà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Àwọn ará Àjọwá wá, wọ́n fi èdè wọn kọrin. Àǹtí Bọ́lá ní kí n máa wò ó lórí fóònù, àmọ́ nẹ́tíwọ̀kì kò dúró. Mo rí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn àti erùpẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà àwòrán náà dúró gbọin.

Mo mọ aago tí wọ́n fẹ́ gbé e wọ ibojì. Ọ̀gá mi ti ní kí n gba ìsinmi lọ́jọ́ náà, mo ní rárá. Ní aago náà gan-an, mo wà pẹ̀lú ìyá arúgbó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ wa, tí kò rántí orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Mo ti wẹ̀ fún un. Mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń fi kóòmù ya irun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Ó di ojú rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kọjá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kí mi, mo ń dá wọn lóhùn. Nínú gbogbo ilé náà, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ibi ìsìnkú ni mo wà.